Onígbọ̀wọ́ Kòjẹun

"Ìwúwo tó wà nínú ọkọ̀ pọ̀ ju ti iye ènìyàn tí mo gbọ́ lọ," ni ọkọ̀ náà wí. "Mi ò lè gbéra."

Ó ti sọ bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú gbogbo ènìyàn, àfi òun alára. Ohùn rẹ̀ kò le sí i, kò sì rọ̀ sí i. Ohùn obìnrin ni, tó ń sọ Yorùbá inú ìwé, bí ẹni tí wọn kò bú rí láyé tí òun náà kò sì bú ẹnikẹ́ni rí. Ọkọ̀ funfun gbọọrọ ni. Kò ní atukọ̀, kò ní àjẹ̀, kò ní ibi tí ènìyàn lè dì mú kó fi darí rẹ̀. Irú rẹ̀ mìíràn tò sẹ́yìn rẹ̀ lẹ́bàá àfárá onípákó ìlú Orí-Omi, òjò ń rọ̀, òkun sì ń kún bọ̀ lábẹ́ ilé.

Ìyá Orímisàn jókòó sí iwájú ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó dì mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, lórí itan àti lẹ́yìn. Ìjókòó tirẹ̀ àti ti ọmọ méjì péré ló ṣí. Àwọn ìjókòó yòókù pa mọ́ ara ọkọ̀ bí ìgbín tó kó sínú ìkarahun.

"Fẹ́hìntọlá!" ni ìyá àgbà náà ké. "Sọ fún Kòjẹun yìí kó gbéra! Àbí kò rí omi ni?"

Fẹ́hìntọlá ni agbẹnusọ Orí-Omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé ọ̀rọ̀ ìlú lọ fún ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ omi tó sì ń darí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, kó sì máa gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ bọ̀ fún ìlú, nípasẹ̀ ẹ̀gbà kékeré kan tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Afọ̀nàhàn ni orúkọ tí ìjọba sọ ẹ̀rọ náà. Kò pẹ́ tó dé tí ìlú fi sọ ọ́ di Kòjẹun, nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá, wọ́n se ìrẹsì àti ẹja dè é bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò, kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn tó gbé e wá jẹ ẹja náà títí eegun fi há ọ̀kan nínú wọn lọ́fun, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dípò tirẹ̀. Ta ni ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí a kò bá jẹun rí?

"Ìyá, ó ní àwọn ọmọ pọ̀ ju iye tí ẹ sọ lọ," ni Fẹ́hìntọlá dáhùn. "Méjì lẹ sọ fún mi."

"Mo sọ méjì kí o lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀ ni! O ń tẹ̀ lé mi kiri láti òwúrọ̀, mélòó, mélòó. Ṣé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nílé pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?"

Ibi tí àṣìṣe ti wáyé nìyẹn, gbogbo Orí-Omi ló sì jọ ṣe é. Nígbà tí odi iyanrìn tí ìjọba mọ sí etí òkun já láàárọ̀ ọjọ́ náà, Afọ̀nàhàn ní kí agbẹnusọ lọ láti ilé dé ilé, kó béèrè iye ènìyàn tí ọkọ̀ yóò gbé lọ sórí òkè. Ti àgbà kò ṣòro. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọmọ, àwọn kan á ní Ọlọ́run ló mọ iye wọn, àwọn mìíràn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ sí bí omi ṣe ń kún. Àwọn tó tilẹ̀ dáhùn, ńṣe ni wọ́n dín in kù, kí ohunkóhun tó bá ń dẹtí sí ọ̀rọ̀ lè rò pé kò sí nǹkan tó tó mú níbẹ̀. Fẹ́hìntọlá mọ̀ pé wọ́n ń dín in kù. Ọmọ ìlú ni. Ó kàn rò pé ẹ̀rọ yóò fi ojú ara rẹ̀ rí òótọ́ nígbà tí wọ́n bá wọ ọkọ̀ tán. Ẹ má sì bi èmi pé mélòó ni ọmọ-ọmọ Ìyá Orímisàn. Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà, ìyá ló tọ́ mi.

Obìnrin kan dúró ti agbẹnusọ nínú aṣọ òjò pupa. Hílda ni orúkọ rẹ̀, erékùṣù olótùútù kan lókè òkun ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ṣe Afọ̀nàhàn. Òun ló ń bójú tó o ní etíkun yìí. Ẹnu ẹ̀rọ náà ló ti kọ́ Yorùbá, ìdí nìyẹn tó fi ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀, títí kan ọmọ tó ń rákò àti ewúrẹ́.

"Kò yé mi," ni Hílda wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ iye ọmọ wọn. Kò ní pẹ́ rárá."

"Ṣé ẹ̀rọ yín kò lójú ni?" Baálẹ̀ ló béèrè bẹ́ẹ̀. Baálẹ̀ Mafimísẹ̀bi, apẹja ni kó tó joyè, ó sì ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń pe ọkọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. "Mo rí gíláàsì dúdú kan nímú ọkọ̀ yẹn. Kó wò wọ́n! Kó wo gbogbo wa! Wíwò kì í pa ènìyàn."

Ojú Hílda pupa fún ìtìjú. "Ojú rẹ̀ ni lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n òfin ti dì í. Omi, òkúta àti igi nìkan ló lè rí. Kò gbọdọ̀ wo ènìyàn."

"Ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀?"

"Àwa ni. Nígbà kan, níbi tiwa, ẹ̀rọ ń wò wá ṣáá. Ó ń wò wá lójà, ó ń wò wá nínú yàrá. Nígbà tó yá, ó ń mọ ohun tí a fẹ́ ṣe kí àwa fúnra wa tó mọ̀ ọ́n. Àwọn ìyá wa bá dìde, wọ́n fi òfin dì í lójú. Láti ìgbà yẹn, ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nìkan ni ẹ̀rọ ń mọ̀ nípa ènìyàn. Bí ẹ kò bá sọ, kò mọ̀."

Baálẹ̀ wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, bí apẹja tí ẹja àjèjì kó sí i láwọ̀n. "Ẹ̀yin, wíwò lẹ bẹ̀rù," ó wí díẹ̀díẹ̀. "Sísọ ò bà yín lẹ́rù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Àwa, bó bá wù ú, kó máa wò wá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹnu la bẹ̀rù."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Fẹ́hìntọlá lára, tòun ti òjò tó ń pa á. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ agbẹnusọ, kò sì wo ọ̀rọ̀ náà báyìí rí: pé ẹ̀rù àwọn ìyá kan lókè òkun ló di Kòjẹun lójú, ẹ̀rù àwọn ìyá níhìn-ín ló sì dí i létí. Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Ṣùgbọ́n omi kò mọ èèwọ̀ ilé ẹnikẹ́ni. Ó ti bo àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ àfárá, bí ìkún omi ìrọ̀lẹ́ bá sì dé, inú yàrá ni yóò wọ̀.

"Kí ló tiẹ̀ fẹ́ fi iye ọmọ ṣe?" Ìyá Orímisàn béèrè láti inú ọkọ̀. "Bí a bá wúwo jù, kó sọ pé a wúwo jù. A ó bọ́ sílẹ̀."

"Ẹ kò wúwo jù, mà," Hílda dá a lóhùn. "Ààyè wà dáadáa. Ìjókòó kan, ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mọ̀ bí ẹnì kan bá já sómi lọ́nà. Yóò dúró, yóò sì wá a títí. Ọkọ̀ tí kò mọ iye ènìyàn tó gbé lè gúnlẹ̀, kí ẹ máa jó, kí ẹ máa yọ̀, kí ọmọ kan sì wà lẹ́yìn nínú omi."

Àwọn ìyá tó wà lẹ́bàá àwọn ọkọ̀ yòókù fa ọmọ wọn mọ́ra. Ìdí náà dára, kò sí ẹni tó lè bá a jà, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kò yanu sọ iye.

Hílda bá tẹ̀ sí etí Fẹ́hìntọlá. "Ẹ̀yin mọ iye wọn," ó wí. "Ẹ jọ ń gbé ni. Ohùn agbẹnusọ sì tó fún ẹ̀rọ. Ẹ sọ ọ́ fún un, kí a lè máa lọ."

Òótọ́ ni. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti gbé púpọ̀ nínú wọn mọ́ra lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ wọn. Ó gbé ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ẹnu. Ìyá Orímisàn rí i láti inú ọkọ̀, kò sì pariwo lọ́tẹ̀ yìí.

"Fẹ́hìntọlá, ọmọ mi," ó wí. "Ṣé bí o ṣe fẹ́ ṣe mí nìyẹn?"

Ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé Fẹ́hìntọlá gbà pé kíkà ń pa ọmọ. Kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í pa á. Ọmọbìnrin kan ló ní, Dúrójayé, orúkọ ọmọ náà sì fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀bẹ̀, nítorí pé àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò dúró. Nígbà tí wọ́n ń lọ, kò sí ẹnì kan ní Orí-Omi tó bi í pé mélòó ló ti lọ. Bí wọ́n ṣe ṣàánú rẹ̀ nìyẹn. Ṣé òun ló yẹ kó wá yí padà báyìí, kó máa ka tiwọn fún ẹ̀rọ láìgbàṣẹ?

"Hílda, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ kan," Baálẹ̀ wí. "Ọmọ ta ni?"

"Ta ni, sà?"

"Kòjẹun. Ọmọ ta ni? Bó bá gbé àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ tí kò gbé wọn dé, ilé ta la ó lọ jókòó sí?"

"Ilé-iṣẹ́ kan wà. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ ó kọ̀wé sí wọn..."

"Ta ni yóò jáde sí mi níbẹ̀? Ta ni yóò wò mí lójú? Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Hílda ronú. Ó hàn pé ẹnikẹ́ni kò bi í ní irú ìbéèrè yìí rí, ó sì hàn pé ó fẹ́ mọ ìdáhùn rẹ̀ gan-an. "Níbi tiwa," ó wí, "bí yìnyín bá fẹ́ ya lulẹ̀ láti orí òkè, tí ẹ̀rọ ní ká jáde, gbogbo wa la ń jáde, àti ajá. A gbà á gbọ́ nítorí pé kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Kò ní ẹbí tí yóò ṣe ojúsàájú fún."

Hàà! ni àwọn ènìyàn ń wí. Ẹnì kan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ ọ," ni Baálẹ̀ wí fún wọn, ìyàlẹ́nu sì borí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. "Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́ gan-an ni kò jẹ́ ká gbà á gbọ́." Ó kọjú sí Hílda padà. "Àlejò tó bá wọ Orí-Omi, ẹnì kan ló ń gbà á sílé. Bí àlejò náà bá ba nǹkan jẹ́, ẹni tó gbà á sílé la ó mú. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kòjẹun dé, a se oúnjẹ dè é, kò jẹ, ẹnikẹ́ni ò sì gbà á sílé. Bó ṣe wà níta látìgbà yẹn nìyẹn. Bí ẹnì kan bá lè dúró fún un lónìí, ẹni yẹn la ó bá sọ̀rọ̀."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kò sí ìdí fún un. Gbogbo ojú ti yí sí Fẹ́hìntọlá.

"Bí a ṣe ń ṣe é, o mọ̀ ọ́n," Baálẹ̀ rọra wí. "Ọmọ onígbọ̀wọ́ ló ń ṣáájú. Onígbọ̀wọ́ fúnra rẹ̀ ò ní bá a lọ. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni yóò dúró sí, níbi tí ọwọ́ wa ti lè tó o."

Fẹ́hìntọlá wọ abẹ́ òrùlé páànù tó wà lórí àfárá, níbi tí Dúrójayé ti jókòó lórí ẹrù, tó ń jẹ àgbọn, tí ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sì tóbi lọ́rùn rẹ̀. Fẹ́hìntọlá kọ ẹ̀yìn sí ọmọ náà kó má bàa gbọ́.

"Afọ̀nàhàn," ó wí sínú ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀.

"Mò ń gbọ́ yín."

"Bí mo bá fi ọmọ mi sínú ọkọ̀, ṣé o máa gbé e dé òkè?"

"Ó ṣeé ṣe gan-an pé yóò dé."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tó ṣeé ṣe. Sọ pé o máa gbé e dé."

"N kò lè ṣe ìlérí yẹn. Omi ń yí padà. Ohun tí mo lè sọ ni pé ewu ọ̀nà kéré sí ewu dídúró síbí."

Ó ṣe é bíi kó já ẹ̀gbà náà jù sódò. Ẹnikẹ́ni tí o bá bi ní irú ìbéèrè yìí ní Orí-Omi, bí kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, yóò ní, "Yóò dé, lágbára Ọlọ́run." Ṣé ó pọ̀ jù láti sọ ni?

"Ẹ má bínú sí i," ni Hílda wí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti tẹ̀ lé e wọlé, omi sì ń kán lára aṣọ pupa rẹ̀. "Bó bá sọ fún yín pé ó dájú, ìgbà yẹn ni èmi ò ní gbà á gbọ́ mọ́."

"Bí dókítà bá ń tọ́jú yín, ṣé bó ṣe máa ń bá yín sọ̀rọ̀ nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà kan, ó ní mo lè kú."

"Ẹ sì tún padà lọ bá a?"

"Òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù."

Ẹ̀rín gba ẹnu Fẹ́hìntọlá jáde láìrò tẹ́lẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí ìránṣẹ́ ìjọba kan wá sí ìlú tó béèrè lọ́wọ́ Afọ̀nàhàn bóyá odi iyanrìn yóò pẹ́, tí ẹ̀rọ sì dáhùn níwájú gbogbo ènìyàn pé, "N kò mọ̀." Ìlú fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ẹ̀rọ olówó iyebíye tí kò mọ nǹkan kan. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Báyìí, ó wá ń wá ẹnì kan lọ́kàn, láàárín gbogbo àwọn tó wá ṣe ìpàdé lórí odi náà, tó sọ pé òun kò mọ̀. Kò rí. Gbogbo wọn ló ní yóò pẹ́, lágbára Ọlọ́run.

Ẹ̀rù ń bà á. Kò sí ọ̀nà mìíràn láti sọ ọ́. Ó yí padà.

"Dúró ọmọ mi, wá."

"Màámi, ṣé a ti ń lọ?"

"Ìwọ lò ń lọ. Bàbá rẹ ti wà lókè lọ́hùn-ún pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó ń kọ́ àgọ́. Yóò gbà ọ́ ní ẹ̀bá omi."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ọmọ náà wo ọkọ̀ funfun. "Ta ló máa wà á?"

"Kòjẹun ni."

Ó rò ó díẹ̀, ó ń jẹ àgbọn rẹ̀ lọ. "Ṣé ó mọ̀ mí?"

"Yóò mọ̀ ọ́ nísinsìnyí," ìyá rẹ̀ wí, ó sì fà á lọ́wọ́ jáde sínú òjò.

Ìyá Orímisàn ti kó àwọn tirẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí bàbá arúgbó kan rí i pé ọmọ náà nìkan ni yóò lọ, ó ta kókó ìbora rẹ̀ mọ́ ọrùn, ó ní, "Èmi ti dàgbà tó láti bá omi lọ. Ẹ jẹ́ kí n jókòó ti ọmọ náà, kí àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀ má pa á." Wọ́n gbé e wọlé. Wọ́n ti ka tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìjókòó rẹ̀ sì ṣí.

Fẹ́hìntọlá gbé ọwọ́ sókè. Kò sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó sọ ọ́ kí etí àfárá lè gbọ́.

"Afọ̀nàhàn, èmi Fẹ́hìntọlá ni mo dúró fún ọ ní Orí-Omi. Gbọ́ mi. Mo bí mẹ́ta. Ọ̀kan ló kù sí mi lọ́wọ́. Dúrójayé lorúkọ rẹ̀. Ọ̀kan."

"Ẹnu rẹ, Fẹ́hìntọlá! Ẹnu rẹ!" ni àwọn obìnrin ń ké. Ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀, ẹlòmíràn fi gèlè bo orí ọmọ rẹ̀. Ìyá Orímisàn ká ọwọ́ lérí, omi ń dà lójú rẹ̀, bí ẹni pé ẹnu ara rẹ̀ ló ti jáde.

"Mo gbọ́," ni ọkọ̀ wí. "Ọ̀kan." Ìjókòó kan ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá arúgbó, ó sì kéré gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ ọmọ. Dúrójayé jókòó. Ọkọ̀ fi àfárá sílẹ̀ láìpariwo.

Ó lọ tààrà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, níbi tí gbogbo ọkọ̀ Orí-Omi ti ń yà sọ́tùn-ún láti ayé baba ńlá wọn, láti gba inú odò lọ sókè, ó yà sósì. Ọ̀nà òkun ló kọjú sí.

"Ibẹ̀ kọ́!" Baálẹ̀ pariwo. "Odò ni! Odò là ń gbà! Pè é padà, Fẹ́hìntọlá!"

"Pè é padà!" gbogbo wọn ń ké.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Bí agbẹnusọ bá ní "Padà", ọkọ̀ yóò padà. Ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ń gbóná níbẹ̀. Hílda di apá rẹ̀ mú. "Ẹ bi í ní ìdí," ó wí. "Ẹ kọ́kọ́ bi í ná."

"Kí ló dé tí o fi gba òkun?" Fẹ́hìntọlá kígbe sínú ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀.

"Iyanrìn odi tó já ti ṣàn wọ ẹnu odò," ni ohùn náà dáhùn, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò pariwo. "Ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ há síbẹ̀. Ìgbì òkun ga, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ jìn."

Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Baálẹ̀ ya ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wo ọ̀kánkán odò, níbi tí omi ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀.

"Baálẹ̀, ṣé òótọ́ ni?" Fẹ́hìntọlá bi í. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ sọ fún mi."

"Mi ò tíì dé ẹnu odò láti ìgbà tí odi ti já," Baálẹ̀ wí. "Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀."

Ó jẹ́ ohun àjèjì pé ọ̀rọ̀ yẹn ló fi Fẹ́hìntọlá lọ́kàn balẹ̀. Baálẹ̀ tí kò sọ rí pé òun kò mọ nǹkan kan nípa omi ti ń sọ̀rọ̀ bíi Kòjẹun. Fẹ́hìntọlá fi eyín di "Padà" yẹn mú sẹ́nu. Ó rí ọkọ̀ tó gun ìgbì kan, ó rí i tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó rí ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ bí àmì kékeré kan. Òjò sì ṣú bò wọ́n, kò rí nǹkan kan mọ́.

Àwọn ènìyàn kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n dúró yí i ká bí wọ́n ṣe máa ń dúró yí ẹni tí wọ́n fẹ́ dì mú ká, tàbí ẹni tí wọn kò fẹ́ kó ṣubú, òun náà kò sì mọ èwo nínú méjèèjì. Omi gun àtẹ̀gùn mìíràn. Hílda kò sọ pé yóò dára. Kò sọ pé kò ní dára.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ dún.

"Fẹ́hìntọlá!" Ohùn bàbá Dúró ni, láti inú ọkọ̀, ariwo àwọn ọkùnrin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ti dé o! Dúró ti dé! Bàbá arúgbó ti bì sí mi láṣọ, ṣùgbọ́n ọmọ ò ṣe nǹkan kan. Ó ní ebi ń pa òun!"

Fẹ́hìntọlá jókòó sórí pákó tó tutù, ó sì sunkún bí ó ti fẹ́. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì lọ sí ẹ̀bá ọkọ̀ láti sọ iye kan fún un. Ọkọ̀ tó wà níwájú ṣì dúró, ó ń retí.

Ìyá Orímisàn ló kọ́kọ́ sún síwájú. Kò kọjú sí ọkọ̀. Ó wá bá agbẹnusọ níbi tó jókòó sí, ó nà án lọ́wọ́, ó fà á dìde, ó sì gbé ẹnu lé e létí.

"Mi ò bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ o," ó wí. "Ìwọ ni mò ń sọ fún. Ohun tó o bá fẹ́ fi ṣe, ìwọ lo mọ̀."

Ó bá kà wọ́n, láti orí àkọ́kọ́ dé orí èyí tó pọ̀n sẹ́yìn, ó ń dárúkọ wọn, ó ń ṣàdúrà sí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Iye tó pè, etí Fẹ́hìntọlá ló gbọ́ ọ. Fẹ́hìntọlá gbé ọwọ́ sẹ́nu, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ fún Kòjẹun. Àwọn ìjókòó ṣí.

Lẹ́yìn ìyá àgbà náà, àwọn yòókù tò. Kò sí ẹni tó tò sí ọ̀dọ̀ ọkọ̀. Ọ̀dọ̀ Fẹ́hìntọlá ni wọ́n tò sí, wọ́n ń gbé ẹnu lé e létí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tí òjò ti pa ohùn rẹ̀, ẹni tó ń sunkún, ẹni tó dánu dúró ní àárín kíkà, tó tún bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ó ti gbàgbé ẹnì kan. Bí iye kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọ̀ ọ́ létí ni ara rẹ̀ ń wúwo sí i.

"Bí a bá wá ọ̀kan tì nínú wọn," Baálẹ̀ wí fún un, "ẹnu ọ̀nà rẹ la ó wá jókòó sí." Kò bínú. Bí a ṣe ń fi ọmọ lé ènìyàn lọ́wọ́ ní Orí-Omi nìyẹn.

"Mo gbà, sà," ó dáhùn. Ó mọ̀ pé títí òun yóò fi darúgbó, títí àwọn ọmọ wọ̀nyí pàápàá yóò fi bímọ, kò sí èyí nínú wọn tí yóò sọnù tí wọn kò ní bi òun léèrè rẹ̀. Afọ̀nàhàn yóò gbàgbé wọn bí wọ́n bá ti bọ́ sílẹ̀, òfin ló ní kó gbàgbé. Òun kò ní gbàgbé.

Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, gbogbo wọn sì ń gba òkun. Nígbà tó ku ọkọ̀ ìkẹyìn, tí Baálẹ̀ ti wọlé, tí omi ti ń lá pákó àfárá, Fẹ́hìntọlá rò pé ó ti parí. Ó yí padà, ó sì rí Hílda tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú aṣọ òjò pupa, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà lórí ìlà.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" ó wí. "Ẹ̀rọ yín ti mọ̀ yín tẹ́lẹ̀. Ẹ wọlé, ká máa lọ."

"Ó mọ̀ mí," Hílda wí. "Mo fẹ́ kí ènìyàn kan pẹ̀lú mọ̀ mí."

Ó tẹrí ba, nítorí pé ó ga, ó sì gbé ẹnu lé agbẹnusọ létí bí ó ṣe rí i tí àwọn yòókù ń ṣe. "Ọ̀kan ni mí," ó wí.

Fẹ́hìntọlá di ọwọ́ rẹ̀ tó tutù mú. Ó gbé ẹ̀gbà sẹ́nu.

"Afọ̀nàhàn, ẹnì kan kù o. Hílda. Ilé mi ló wọ̀ sí."